Àgbálùmọ̀ Ilé Wa Lórí Ilẹ̀ Àbújá: Bí A Ó Ṣe Gbìn Ín Kí Adùn Rẹ̀ Má Baà Sọnù



Ìdílé tí ó bá ti Èkìtì, Ọ̀ṣun, Òndó tàbí Ìjẹ̀bú wá dáko ní agbègbè Kwali, Gwagwalada, Kuje tàbí Abaji kì í ṣàìdi nǹkan oko ilé mọ́ ẹrù. Ẹlòmíràn a mú irú iṣu wá, ẹlòmíràn a mú ẹ̀gúsí, ọ̀pọ̀ a sì mú kóró àgbálùmọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agboolé kan tí kò mọ igi àgbálùmọ̀ kan tí gbogbo ará ilé gbà pé kò sí irú rẹ̀ ládùúgbò. Bí ti ẹlòmíràn bá kan, tirẹ̀ a dùn. Bí ti ẹlòmíràn bá lóje jù, tirẹ̀ a rọ̀ lẹ́nu.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú àlàyé yìí. Èkíní ni pé ẹni tí ó bá gbin kóró igi ilé rẹ̀ sí ilẹ̀ Àbújá yóò rí àgbálùmọ̀ jẹ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò dájú pé irú èyí tí ó fi sílẹ̀ nílé ni yóò rí. Bí a bá fẹ́ kí adùn ìyá kan ọmọ, ẹ̀ka ni a ó mú wá. Èkejì ni pé igi tí yóò pẹ́ lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kí a tó gbẹ́ ihò rẹ̀.

IRÚ IGI TÍ Ó JẸ́

Àgbálùmọ̀ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Igi ilẹ̀ Áfíríkà ni, láti ìwọ̀-oòrùn títí dé ìlà-oòrùn rẹ̀. Ní apá ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀sán ni wọ́n ń pè é. Àwọn Ìgbò ń pè é ní udara tàbí udala, àwọn Ẹ̀dó ń pè é ní otien, àwọn Haúsá sì ń pè é ní agwaluma. Orúkọ tí ó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ mú dání bí ẹ bá gbé e dé ọjà ní Àbújá, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ oníbàárà yóò fi béèrè rẹ̀.

Àwọn òyìnbó ń pè é ní ápù oníràwọ̀. Bí a bá fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú, kóró rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ 4 tàbí 5, a tò yípo bí ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n kò bá ápù tan rárá. Ápù gidi ń fẹ́ òtútù líle fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ́dọọdún kí ó tó lè tanná dáadáa, ooru Àbújá kò sì lè fún un ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbátan àgbálùmọ̀ ni agbáyun àti igi òrí tí ó kún inú ìgbẹ́ káàkiri agbègbè yìí. Gbogbo wọn ní oje funfun lára.

Igi ńlá ni àgbálùmọ̀. Ó lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà 80 lọ. Ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ lókè, ó sì funfun bí ẹni pé a fi ẹfun pa á nísàlẹ̀. Láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin ni èso rẹ̀ ń pọ́n. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa àgbẹ̀. Ní àkókò náà, òjò ti lọ, àgbàdo ti tán lóko, owó ilé ẹ̀kọ́ sáà kejì sì ti dé. Igi tí ó ń so nígbà tí oko mìíràn ń sùn kì í ṣe igi tí a ń fojú di.

ÌDÍ TÍ ỌMỌ KÌ Í FI JỌ ÌYÁ

Kóró àgbálùmọ̀ dà bí ọmọ ènìyàn: ó ní ìyá, ó sì ní bàbá. Kòkòrò tí ń fò láti òdòdó kan sí èkejì lè gbé àtíkè òdòdó igi kíkan wá sí orí igi dídùn. Èso tí a óò jẹ yóò dùn nítorí ara ìyá ni. Ṣùgbọ́n kóró inú rẹ̀ ti gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá, bí a bá sì gbìn ín, ó lè dùn, ó sì lè kan. Ọdún 7 sí 10, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni a ó fi dúró kí a tó mọ èyí tí ó jẹ́.

Ẹ̀ka kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ìyá gan-an ni ẹ̀ka. Bí a bá gé e, tí a sì dè é mọ́ ọmọ igi mìíràn tí ó ti ní gbòǹgbò, gbòǹgbò náà yóò máa bọ́ ọ, ẹ̀ka náà yóò sì máa so èso ìyá rẹ̀. A ó máa pe èyí ní ẹ̀ka àdèmọ́ nínú àlàyé yìí.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ọdún 1809, ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Ann Brailsford gbin kóró ápù sí ọgbà ilé wọn ní ìlú Southwell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi kan hù nínú rẹ̀ tí èso rẹ̀ tóbi, tí ó sì dára fún sísè. Ní ọdún 1846, alápatà kan tí ń jẹ́ Matthew Bramley ra ilé náà. Ní ọdún 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ ọ̀gbìn, Henry Merryweather, wá tọrọ ẹ̀ka igi náà láti dè mọ́ ọmọ igi mìíràn kí ó lè máa tà á. Bramley gbà, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ òun ni wọn yóò máa pe èso náà. Títí di òní, gbogbo igi ápù tí a ń pè ní Bramley, ara igi kan ṣoṣo yẹn ni ẹ̀ka wọn ti wá. Kóró kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ kejì nínú ìtàn náà. Orúkọ ẹni tí ó gbin igi kọ́ ni ó wà lára èso. Orúkọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ nígbà tí èso di olówó ni. Àwa tí a ń dáko lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti bàbá wa, ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ YANJÚ Ọ̀RỌ̀ ILẸ̀ NÁ

Gbogbo wa ni a mọ àṣà ilé. Àlejò tí a fún ní ilẹ̀ lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ láìjẹ́ pé onílẹ̀ fọwọ́ sí i, nítorí igi tí ó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ a máa di ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó gbin igi láìsọ fún onílẹ̀, ìjà ni ó ń gbìn.

Ti Àbújá tún ní ti ìjọba nínú. Láti ìgbà tí a ti dá agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976 ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sì sọ ọ́ gbangba pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀ náà. Síbẹ̀, àwọn Gbagyi, Gade, Koro, Bassa àti àwọn mìíràn tí ìlú wọn wà níbẹ̀ kí ìjọba tó dé, àwọn ni a ń bá gbé, àwọn ni a sì ń béèrè ilẹ̀ oko lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹsẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní: ti olórí ìlú àti ti ìjọba.

Ìmọ̀ràn wa nìyí:

1. Ẹ lọ bá onílẹ̀ àti olórí ìlú, kí ẹ sì sọ pé igi ni ẹ fẹ́ gbìn, kì í ṣe iṣu. Ẹ dárúkọ igi náà, ẹ sì sọ iye tí yóò jẹ́.

2. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín bóyá ọ̀nà, ilé tàbí iṣẹ́ ìjọba mìíràn wà nínú ètò fún ilẹ̀ náà.

3. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Kí ó wà nínú rẹ̀ ẹni tí ó ni èso, iye ọdún, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìdílé bá ṣí lọ.

4. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ìyàwó wà nínú ìwé náà pẹ̀lú ti ọkọ. Igi tí a ń dúró dè fún ọdún 5 tàbí 10 lè pẹ́ ju ẹ̀mí ẹni tí ó gbìn ín lọ. Kò yẹ kí opó máa wá ẹlẹ́rìí lẹ́yìn ìsìnkú.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 mẹ́nu kan owó gbà-má-bínú lórí irè oko, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, tí kò sì lè sọ iye igi rẹ̀, yóò ṣòro fún un láti sọ tẹnu rẹ̀ kí a gbọ́. Bí ilẹ̀ yín kò bá tíì dájú, ẹ má fi gbogbo ọmọ igi síbẹ̀. Ẹ gbin ọ̀kan tàbí méjì, kí ìyókù wà nínú ọ̀rá nílé.

BÍ A Ó ṢE MÚ KÓRÓ HÙ

Bí a tilẹ̀ fẹ́ lo ẹ̀ka, a nílò kóró, nítorí ọmọ igi tí ó hù láti inú kóró ni yóò fún ẹ̀ka ní gbòǹgbò. Kóró igi tí ó hù ní agbègbè yìí dára fún iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èso rẹ̀ kan.

Kóró àgbálùmọ̀ kò fẹ́ kí a fi òun pamọ́. Bí ó bá gbẹ, ó kú. Èyí tí a sá sórí òrùlé, tí a wá gbìn nígbà tí òjò dé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní hù. Ẹ mú kóró láti inú èso tí ó pọ́n dáadáa, ẹ fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì gbìn ín láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹ rọ ilẹ̀ òkè tí ó dúdú, tí a pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà, sínú ọ̀rá dúdú tí a dá ihò sí nídìí. Ẹ fi kóró sí i ní ìwọ̀n ínṣì kan. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lókè kí oòrùn má baà pa á, kí ẹ sì máa bu omi rin ín. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò yọrí.

Oṣù kejì àti ìkẹta ni ọ̀pọ̀ kóró ń wà. Ọmọ igi tí ó bá hù nígbà náà ṣì kéré nígbà tí òjò bá dé. Ẹ má ṣe kánjú gbé e lọ oko ní ọdún yẹn, nítorí ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn Àbújá yóò bá a ní ọmọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ó lo ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ nítòsí ilé, níbi tí omi ìfọwọ́ pàápàá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òjò ọdún kejì ni ó dára jù fún un.

BÍ A Ó ṢE DE Ẹ̀KA MỌ́ ỌMỌ IGI

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ igi bá tóbi tó pẹ́ńsù, tí òjò sì ti bẹ̀rẹ̀, ó ti tó dè nìyẹn. Ẹ ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n yan ẹ̀ka tí kò ní àrùn lára igi dídùn náà, èyí tí ó tóbi tó pẹ́ńsù, tí ó sì ti máa ń so. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n já àwọn ewé rẹ̀, kí ojú ẹ̀ka náà lè wú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e, kí wọ́n fi aṣọ tútù wé e, kí wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó. Ẹ̀ka tí a gé ní Iléṣà láàárọ̀ lè dé Gwagwalada lálẹ́ bí ọkọ̀ bá yá. Ẹ má jẹ́ kí ó ju ọjọ́ 2 lọ kí ẹ tó lò ó.

Ẹ fi ọ̀bẹ mímú tí a fọ̀ mọ́ gé orí ọmọ igi ní ìwọ̀n ínṣì 8 sí 10 láti ilẹ̀. Ẹ la ojú ibi tí a gé ní ìwọ̀n ínṣì kan sísàlẹ̀. Ẹ gbẹ́ ìdí ẹ̀ka ní ìhà méjèèjì bí ẹni ń pọ́n èèkàn, kí ó lè wọ ojú là náà pẹ́kípẹ́kí. Oje yóò yọ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún kíákíá, nítorí bí oje bá gbẹ sáàrin, ara méjèèjì kò ní mọ́ra. Ẹ rí i pé èèpo ẹ̀ka kan èèpo ọmọ igi, ó kéré tán ní ìhà kan, nítorí abẹ́ èèpo ni ìyè igi wà. Ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ dì í dáadáa, kí ẹ fi ọ̀rá funfun kékeré bo ẹ̀ka náà lórí, kí ẹ sì gbé e sí abẹ́ ìbòòji.

Bí ó bá mú, ewé tuntun yóò yọ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà náà ni kí ẹ tú ọ̀rá orí rẹ̀. Ẹ já gbogbo ewé tí ó bá yọ nísàlẹ̀ ojú ìdè, nítorí ti gbòǹgbò ni, kì í ṣe ti ìyá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò mú, nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ igi 3, kí ó de 10. Ẹni tí kò bá dá ọwọ́ rẹ̀ lójú lè kọ́kọ́ fi ẹ̀ka máńgòrò kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí NIHORT ní Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1975 fún ọ̀rọ̀ èso àti ẹ̀fọ́, jẹ́ ibi tí a ti lè béèrè ìmọ̀ràn sí i.

Igi ẹ̀ka àdèmọ́ tí a tọ́jú dáadáa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí ọdún 4 tàbí 5. Kì í sì ga bí èyí tí ó hù láti inú kóró.

GBÍGBÉ E LỌ SÍ OKO

Ẹ yan ilẹ̀ tí ó jìn, tí kì í yára gbẹ, ṣùgbọ́n tí omi kì í dúró sí. Ẹ̀bá ilẹ̀ àkùrọ̀ dára, inú àkùrọ̀ gan-an kò dára. Ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú àti ní ìjìn. Ẹ po ilẹ̀ òkè mọ́ ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà, kí ẹ sì dá a padà. Kí ihò kan jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà 30 ó kéré tán. Oṣù karùn-ún sí ìkeje ni kí a gbìn ín. Ọmọ igi tí kò bá tíì lágbára ní ìparí oṣù keje, kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Àyè tí ó wà láàrin igi kò gbọdọ̀ ṣófo. Ẹ lè gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà tàbí ẹ̀gúsí sí i ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, kí igi tó na ọwọ́. Ẹ kàn má jẹ́ kí okùn iṣu gun ọmọ igi.

Ọ̀tá 4 ni ó ní ní ilẹ̀ yìí. Èkíní ni ọ̀dá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́, ẹ fún igi kọ̀ọ̀kan ní garawa omi kan lọ́sẹ̀. Bí ibi omi bá jìnnà, ẹ ri ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, kí ẹ máa pọn omi kún un, yóò máa sun díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni iná ìgbẹ́. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ro àyíká oko mọ́ ní ìbú ẹsẹ̀ bàtà 10, kí iná tí ń bọ̀ má baà rí nǹkan jó. Ìkẹta ni ewúrẹ́ àti màlúù. Ẹ fi igi àti ẹ̀gún ṣọgbà yí ọmọ igi kọ̀ọ̀kan ká. Ìkẹrin ni ikán. Koríko gbígbẹ tí a fi bo ìdí igi ń pa omi mọ́, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ẹsẹ̀ igi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ikán má baà gba ibẹ̀ gun un.

ÌKÓRÈ, TÍTÀ ÀTI LÍLÒ

Àgbálùmọ̀ tí ó pọ́n ń fúnra rẹ̀ já bọ́. Èyí tí a bá fi agbára ká kan, ó sì lóje púpọ̀, òun ni ó sì ń ba ọjà jẹ́. Ẹ ro ìdí igi mọ́, kí ẹ tẹ́ koríko rírọ̀ síbẹ̀ kí èso má baà fọ́, kí ẹ sì máa ṣa á láràárọ̀. Èyí tí ó bá rà, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà, nítorí inú rẹ̀ ni eṣinṣin èso ń pọ̀ sí. Apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe àpò. Ẹ ya èyí tí ó lẹ́gbò sọ́tọ̀, kí ẹ sì tètè gbé e lọ ọjà, nítorí kì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́.

Nínú ilé, jíjẹ ni ó wọ́pọ̀ jù. Fítámì C wà nínú rẹ̀, ó sì dára fún àwọn ọmọ ní àkókò tí ẹ̀fọ́ wọ́n. Àwọn ọmọdé a máa jẹ ẹ́ títí yóò fi di gọ́ọ̀mù lẹ́nu, wọn a sì máa fi kóró rẹ̀ ta ayò. Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, ẹ lè sè é sínú ìgò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ là á, ẹ yọ kóró rẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí ha ẹran inú rẹ̀ kúrò lára èèpo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gba inú asẹ́. Fún ife 2, ẹ fi ṣúgà ife 1 sí i, kí ẹ sè é lórí iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki. Ẹ rọ ọ́ gbígbóná sínú ìgò tí a ti fi omi híhó fọ̀, kí ẹ dé e pa. Búrẹ́dì ni a ń fi í jẹ. Oje tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí ìkòkò, òróró díẹ̀ ni kí ẹ fi pa á kí ẹ tó lo ọṣẹ.

Ewé àti èèpo igi náà wà nínú àgbo àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ibà ọmọdé àti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbálùmọ̀ nìkan wò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

KÍ IGI MÁ BAÀ PARẸ́

Nílé lọ́hùn-ún, àwọn igi àtijọ́ ń lọ. Wọ́n ń gé wọn láti fi kọ́lé, àwọn tí ó gbìn wọ́n sì ti di ará ọ̀run. Igi tí ó bá kú, adùn rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá ti mú ẹ̀ka rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ṣí kúrò nílé lè wá di ẹni tí yóò pa igi ilé mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀kan ṣoṣo pamọ́ sí oko yín. Bí ẹ̀ka 5 bá mú, ẹ gbin 2, ẹ fún onílẹ̀ yín ní 1, ẹ fún aládùúgbò ní 1, kí ẹ sì dá 1 padà sílé. Onílẹ̀ tí igi yín wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kò ní yára wo tiyín bí ohun àjèjì. Bí ìjọba bá sì gba oko yín lọ́la, ẹ óò mọ ibi tí ẹ ó ti lọ gé ẹ̀ka mìíràn.

Òjò tí ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rá àti ilẹ̀ dúdú, ẹ sì ránṣẹ́ sílé nípa ẹ̀ka. Ilẹ̀ á gbà wá o.